Ẹni Tó Bá Ṣọ́jà Gbé Agolo Bẹntiróòlù Dání ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀

Mọ́ríámọ̀ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Ọmọ ìyàwó àgbà bàbá mi ni, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, nítorí náà ó yẹ kí n máa pè é ní Àǹtí nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Mo pè é ní Àǹtí tó nígbà tó wà láyé, mo sì kúnlẹ̀ kí i tó.

Gbólóhùn kan péré ló fi ṣẹ̀ mí. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi, lójú àwọn ààfáà àti gbogbo ẹbí olóògbé, Mọ́ríámọ̀ dìde láàárín àwọn obìnrin, ó ní, "Àbúrò mi ló ní kó mu ún." Ó tún jókòó. Ìyẹn nìkan. Mi ò rí ọkọ fẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò pé arúgbó ti ń ṣarán, pé ìbínú ló ń kọ̀wé. Ìbínú wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, ọ̀sán gangan ni mo rí i. Mi ò sùn, ibà ò ṣe mí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́ fún mi. Ẹ gbà mí gbọ́, tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ ẹni tí mo rí tí mi ò bá kọ́kọ́ mú yín lọ sí Ìdúmọ̀tà.

Sùbérù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó bíi tiwa ni. Mọ́sálásí kan náà ló ń pe agboolé wọn àti tiwa sí ìrun. Ṣọ́jà ni, àmọ́ kì í ṣe ṣọ́jà oníbọn. Ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Ó ti dé Bọ́mà nígbà ogun, níbi tó jẹ́ pé bí lọ́rì bá kú sínú igbó, kò sí ibi tí wọ́n ti máa ra ohun tó bàjẹ́. Ohun tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa fi ṣe é. Ó ti fi ọṣẹ ìfọṣọ dí táǹkì bẹntiróòlù tí ọta ìbọn dá lu rí, lọ́rì náà sì rìn fún ọjọ́ méjì. Tó bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á máa dán bíi ti ọmọ tó jí ẹran jẹ tí ìyá rẹ̀ ò mú.

"Tíṣà" ló máa ń pè mí, torí iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe nígbà náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, láàárín àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira. Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, mo sì lọ sí ìsọ̀ aṣọ Mọ́ríámọ̀ ní Ìdúmọ̀tà láti yan aṣọ. Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe oòrùn kékeré. Irin ilẹ̀kùn ìsọ̀ gan-an kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Lọ́rì ṣọ́jà kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú síwájú wa. Ta ló bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀? Sùbérù. Ṣọ́jà kan tẹ̀lé e. Ẹrù ló kún ẹ̀yìn lọ́rì náà, ọkọ̀ òkun kan sì ń dúró dè é ní Màrínà. Òyìnbó ọ̀gá wọn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré tó wà níwájú, ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí Sùbérù lójú, ó sì tún wọnú ọkọ̀ lọ jókòó.

Ẹ mọ Ìdúmọ̀tà. Kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti pé.

"Ṣọ́jà, ṣé bí ìbọn yín náà ṣe máa ń kú nìyí?"

"Ìbọn kì í mu bẹntiróòlù, ìyá," ni Sùbérù dáhùn. Orí rẹ̀ ti wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mọ́ríámọ̀ jáde, ó kápá mọ́yà. "Ọkọ ìyàwó! O ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì, o ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún àwa àna rẹ."

"Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún yín báyìí, òyìnbó yẹn á ní kí n kúkú sùn síbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó kọ́kọ́ rò pé ooru ni. Ó ní bí ooru bá pọ̀, bẹntiróòlù á di afẹ́fẹ́ nínú pọ́ǹpù, kò sì ní ṣàn mọ́. Ó bèèrè aṣọ tútù. Mo tú ìborùn mi lórí, mo rì í sínú omi, mo nà án sí i. Ìborùn aláwọ̀ ewé ni, èmi fúnra mi ni mo fi òwú pupa ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lé pọ́ǹpù lórí, ó dúró díẹ̀, wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì náà. Kò jí.

Ó yọ páìpù, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Ó wá tú pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wú tó sì máa ń rọ̀ bí àyà ẹni tó ń mí. Òun ló ń fa bẹntiróòlù wá láti inú táǹkì. Rọ́bà náà ti fà ya.

"Pọ́ǹpù ti kú," ló wí. "A ò nílò rẹ̀. Bẹntiróòlù ò yàtọ̀ sí omi. Tí nǹkan kan ò bá fà á gòkè, ẹ gbé e sókè fúnra yín, á sọ̀ kalẹ̀."

Ó da bẹntiróòlù sínú agolo, ó ki rọ́bà gígùn kan bọ inú agolo náà, kó lè máa ṣàn lọ tààrà sínú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó fẹ́ ṣe ni pé kí ṣọ́jà kejì wa ọkọ̀, kí òun jókòó sórí irin tó bo táyà iwájú, kí òun gbé agolo náà sókè títí dé Màrínà. Ó ní báwọn ṣe ṣe é ní Bọ́mà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣàn, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ fi ẹnu fà á.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Kò wá. Ó mí kanlẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá lójijì, ó sì ti gbé ẹnu kan mì kó tó mọ̀. Ó húkọ́, ó tutọ́, ó yára ki rọ́bà náà bọ ibi tó yẹ. Ṣọ́jà kejì ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń bú ramúramù. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́.

Sùbérù gbé agolo náà lé ẹnìkan lọ́wọ́ nínú èrò, ó fẹ̀yìn ti lọ́rì. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Bẹntiróòlù ti mọ̀ mí tipẹ́."

Mọ́ríámọ̀ ló figbe ta. "Ó ti gbé e mì! Májèlé ni! Ẹ dì í mú!" Ó sáré wọ ìsọ̀, ó gbé ìgò epo pupa kan jáde, èyí tó rà pé òun máa gbé lọ sílé fún ọbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí ìyá gbogbo wa máa ṣe ló ṣe. Nílé wa, ẹni tó bá jẹ ohun burúkú tàbí tó mu ún, epo pupa ni wọ́n máa fún un. Èmi náà ti mu ún rí nígbà tí mo mu kẹrosíìnì ní kékeré. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú èrò yẹn tó sọ pé kó dúró. Gbogbo wọn ló ń pariwo pé kó yára.

Wọ́n mú Sùbérù jókòó sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú. Mọ́ríámọ̀ da epo náà sí i lẹ́nu, ó ń da á, ó ń ní, "Mu ún, ọkọ àbúrò mi, mu ún."

Ó mu tó ìlàjì ìgò. Kò pẹ́ tó fi ń bì. Bí ó ṣe ń bì ló ń húkọ́, bí ó ṣe ń húkọ́ ló ń fà á padà. Ètè rẹ̀ dúdú. Ìborùn mi ni wọ́n fi ń nu ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ, mi ò sì rí ìborùn náà mọ́.

Dókítà ní hósípítù bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo wà níbẹ̀. Ó ní bẹntiróòlù tó lọ sí ikùn rẹ̀ kì bá tí pa á. Epo tí wọ́n fún un ló mú un bì, èébì náà ló sì gbé bẹntiróòlù wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Sùbérù lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, ó kú. Ọkùnrin tí ogun ò pa.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni Mọ́ríámọ̀ dìde, tó sọ gbólóhùn rẹ̀.

Ìyá Sùbérù ò bú mi. Ó kàn yí ojú kúrò lára mi, wọ́n sì gba gbogbo ẹrù ìdána wọn padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ wọn pé, "Ẹ má gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ o." Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹ̀kọ́. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì mi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì rọra sọ fún mi pé kí n lọ sinmi. Mo lọ kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé, mo sì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí.

Mọ́ríámọ̀ ńkọ́? Ó ń ta aṣọ rẹ̀ lọ ní Ìdúmọ̀tà. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á fẹ́ sọ nǹkan, mo máa ti dìde kúrò níbẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ó wá kù díẹ̀ kí ikú Sùbérù pé ọdún kan.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì lọ́yà náà wà. Aago méjì ti kọjá díẹ̀, kóòtù ti tú, lọ́yà ò sì tíì dé. Mò ń tẹ ìwé kan. Mo gbọ́ ọkọ̀ tó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nísàlẹ̀, tó sì dákẹ́.

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ.

Mo lọ sójú fèrèsé. Lọ́rì ṣọ́jà ni. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ ni, ó sì ti ń làágùn. Mo wò ó bó ṣe tẹ́ aṣọ tútù lé pọ́ǹpù. Mo wò ó bó ṣe fẹ́ páìpù. Mo wò ó bó ṣe tú pọ́ǹpù tó mi orí. Ó gbé agolo jáde, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Mò ń gbàdúrà lọ́kàn pé kó má fi ẹnu fà á, ṣùgbọ́n ó fà á, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, kò gbé nǹkan kan mì. Èémí mi wálẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé òun nìkan ni. Kò lè gbé agolo dání kó tún wọlé lọ ṣáná sí ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sókè díẹ̀," ló ń bẹ àwọn tó ń kọjá. Akọ̀wé kóòtù kan wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara rẹ̀, ó kọjá lọ. Àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Ta ló fẹ́ kí bẹntiróòlù jó òun?

Mo gbójú kúrò nísàlẹ̀. Kò ju bí èèyàn ṣe máa ṣẹ́jú lọ. Nígbà tí mo tún wò, ọkùnrin kan ti jókòó sórí irin tó bo táyà iwájú. Aṣọ kákí ló wọ̀. Ó kẹ̀yìn sí mi. Ó gbé agolo náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n," ni awakọ̀ náà wí. Ó sáré lọ wọnú ọkọ̀.

Ǹ bá ti padà sídìí iṣẹ́ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti yí padà tán. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ọkùnrin náà wé mọ́ ìdí agolo kí ó má bàa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni. Òwú pupa wà létí rẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń bú, àwọn èèyàn sì ń kọjá lẹ́yìn mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìlà tí mo fi òwú fà sí igun ìborùn náà, tó wọ́ díẹ̀ nítorí pé iná àtùpà ni mo fi rán an, mo rí i.

Kí n tó rí ojú rẹ̀, ó ti rí mi. Ó yí orí sí mi.

Sùbérù ni. Kò gbó, kò rù. Ètè rẹ̀ pupa, ó ń dán bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgò epo kúrò lẹ́nu. Ó ń mí bó ṣe mí ní hósípítù, èémí kúkúrú kúkúrú. Òórùn bẹntiróòlù wà níbẹ̀, òórùn epo pupa sì wà nínú rẹ̀.

"Tíṣà," ló wí.

Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ẹ́ńjìnnì sì ń bú, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ. Láti ọdún kan, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.



"Tíṣà, ta ló ní kí n mu ún?"

Mo fẹ́ kí ẹ lóye mi. Gbogbo òru ọdún yẹn ni mo ti fi ń jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn kan ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ kẹjọ, kò rí etí tó máa gbọ́ ọ. Ó sì wá rí etí tó tọ́ sí i jù lọ.

"Mọ́ríámọ̀ ni," mo wí.

Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Bí mo ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì mi tó mọ ìdáhùn, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ òmíràn, bó ṣe wò mí nìyẹn. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ṣì ń dúró.

"Mọ́ríámọ̀ ni," mo tún wí. "Òun ló gbé e wá."

Ó gbé ojú kúrò lára mi. Ó sì ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Agolo náà ṣubú sórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná. Iná sọ. Mo ṣubú sẹ́yìn. Awakọ̀ bẹ́ jáde, ó ń fi ọwọ́ bu yẹ̀pẹ̀ dà á, iná sì mú apá ọ̀tún rẹ̀ kí àwọn èèyàn tó bá a pa iná náà. Apá náà kò nà tán mọ́. Mo mọ̀, torí mo lọ wò ó ní hósípítù lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo ohun tó ń bèèrè lọ́jọ́ náà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n tó bá mi gbé e dání dà? Ṣé kò jóná?"

Wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní òun ló gbé agolo náà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ó ń búra pé ọwọ́ èèyàn ló gba agolo náà lọ́wọ́ òun, pé ọwọ́ náà tiẹ̀ kan tòun. Èmi wà níbẹ̀, mi ò lanu sọ pé òótọ́ ló ń sọ. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìṣọ́ra, wọ́n sì lé e.

Nígbà tí iná kú, mo rí igun ìborùn kan nínú yẹ̀pẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, eèérú wà létí rẹ̀. Ó wà nínú àpótí mi títí di òní.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ fún yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó nígbà tí mò ń sọ ti Ìdúmọ̀tà, bí mo ṣe ń fò ó fún ara mi láti ìgbà náà.

Ní ọdún tó ṣáájú ikú Sùbérù, wọ́n kọ́ àwa olùkọ́ ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ wa. Ó ní ẹni tó bá gbé bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì mì, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bì, ẹ ò gbọdọ̀ fún un ní epo. Ẹ gbé e lọ sí hósípítù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo yege ìdánwò rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri yàrá mi, Mọ́ríámọ̀ sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, á ní, "Ẹ wo àwòrán alákọ̀wé."

Mo mọ̀. Ní Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ló mọ̀.

Ìgò epo ti dé ẹnu Sùbérù nígbà tó fi ọwọ́ dá a dúró. Orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó yí ojú sí mi, ó rọra ní, "Tíṣà, ṣé kí n mu ún?"

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbà náà, ó ti sọ fún mi nínú eré pé òun ò ní fẹ́ tíṣà tó máa ń fa ìlà pupa sí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ níta. Mọ́ríámọ̀ sì ti sọ fún gbogbo agboolé pé ìwé ò ní jẹ́ kí n lè gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Èrò yí wa ká. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ìgò dání. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn rí i, fún ọjọ́ kan péré, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyàwó.

Mo fi ẹnu kan etí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ mu ún."

Ó sì mu ún.

Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì ń bú, Mọ́ríámọ̀ fúnra rẹ̀ ń pariwo, etí Sùbérù nìkan ni ẹnu mi wà. Nítorí náà, nígbà tí Mọ́ríámọ̀ dìde lọ́jọ́ kẹjọ, mo gbà pé irọ́ ló pa mọ́ mi. Pé irọ́ náà bọ́ sí òótọ́ ò sọ pé kì í ṣe irọ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ohun tí mo sì fi kórìíra rẹ̀ fún ogójì ọdún nìyẹn.

Mo ti dúró lójú fèrèsé yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Títí tí lọ́yà fi kú tí wọ́n ta ilé, tí mo bá gbọ́ ọkọ̀ tó húkọ́, mo máa sáré lọ wò. Mo ti múra ìdáhùn mi sílẹ̀. Kò wá mọ́.

Nítorí náà ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ ní Èkó. Tí ọkọ̀ yín bá kú lọ́sàn-án ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ tàbí ní Ìdúmọ̀tà, tí ẹnìkan tí ẹ kò pè bá bá yín gbé bẹntiróòlù dání, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wo ẹnu rẹ̀. Tó bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ má dárúkọ ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń bèèrè.

Ìgbà tí Mọ́ríámọ̀ ń kú lọ, mo wọlé tọ̀ ọ́ nínú agboolé wa. Mi ò lọ kí i. Mo lọ kó lè jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ kó tó lọ. Ó ti fọ́jú nígbà náà, ohùn rẹ̀ ò sì ju afẹ́fẹ́ lọ.

Mo ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ kẹjọ yẹn, ta ló sọ ọ́ fún yín?"

Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i. Ohun tó sọ nìyí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ tó kú:

"Òun náà ni. Ó wá jókòó níwájú ìsọ̀ mi ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, ó ń mí bó ṣe ń mí lọ́jọ́ tó mu epo. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni mo gbé epo wá. Ó ní òun mọ̀, òun ò bá mi jà. Ó ní ìwọ lo ní kí òun mu ún, òun ò sì bá ìwọ náà jà, kí o ṣáà fẹnu ara rẹ sọ ọ́, òun á lọ sinmi. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn kó o lè ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' O dákẹ́. Ó padà wá sọ́dọ̀ mi, ó ní òun á wá bi ọ́ fúnra òun. Ṣé ó wá? Àbúrò mi, kí lo wí fún un?"